Rósítà ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé wá

“À ń wá apòògùn locum. Ọkùnrin la fẹ́.” Ẹni tó bá wà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn apòògùn l'Ékòó tàbí n'Íbàdàn á ti rí irú ìkéde yìí rí. Locum ni apòògùn tó ń dúró fún ẹlòmíì fún ìgbà díẹ̀. Ẹ bi oníṣọ́ọ̀bù náà léèrè ìdí, kò ní sọ pé obìnrin ò mọ oògùn. Ohun tí yóò sọ ni pé aago mẹ́wàá alẹ́ làwọn ń tilẹ̀kùn, pé páálí dírípù wúwo, àti pé obìnrin á kàn ṣàdédé lóyún, iṣẹ́ á sì dá sílẹ̀. Ìmọ̀ oògùn ò sí nínú ìkankan wọn. Ètò iṣẹ́ ló wà níbẹ̀: ta ló ń tilẹ̀kùn, kí la fi ń gbé ẹrù, ta ló mọ ohun tí ẹni tó lọ fi sílẹ̀.

Nítorí náà, bí ilé iṣẹ́ oògùn kan bá ní òun fẹ́ ìdọ́gba ọkùnrin àti obìnrin, rósítà, ìwé tó ń sọ ẹni tó máa ṣiṣẹ́ àti ìgbà tó máa ṣe é, ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé wá, kí wọ́n gbé ìwé owó oṣù tẹ̀ lé e. Kéèkì ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta, ọjọ́ àwọn obìnrin lágbàáyé, lè dúró ná. Kò kúkú sí ẹni tó lè sọ pé obìnrin ò tíì dé orí àga. Apòògùn ni Dora Akunyili tó darí NAFDAC láti 2001 di 2008, apòògùn ni Mojisola Adeyeye tó gba ipò kan náà ní 2017. Ṣùgbọ́n àga ńlá kò sọ bí ọmọbìnrin tó tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù oògùn láago mẹ́wàá ṣe máa délé.

Ìwádìí tó la ọ̀rọ̀ yìí yéni jù, orí iṣẹ́ apòògùn gan-an ni wọ́n gbé e kà. Claudia Goldin, ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel ti ètò ọrọ̀ ajé ní 2023, àti Lawrence Katz yẹ nǹkan bí àádọ́ta ọdún iṣẹ́ yìí wò ní Amẹ́ríkà. Láyé àtijọ́, ṣọ́ọ̀bù aládàáni ló pọ̀ níbẹ̀, ojú ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù sì ni oníbàárà ń wò. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìdajì ọjọ́ ń gba owó tí kò tó ìdajì, obìnrin ló sì pọ̀ nínú wọn. Nígbà tó yá, ilé ìwòsàn àti ilé oògùn ńláńlá tó ní ẹ̀ka káàkiri gba iṣẹ́ náà lọ, oògùn ń ti ilé iṣẹ́ dé ní pípò tán, àkọsílẹ̀ aláìsàn sì bọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Apòògùn tó wọlé láago méjì ọ̀sán wá lè bá iṣẹ́ lọ láti ibi tí ti àárọ̀ bá a dé. Bí ẹnì kan ṣe lè rọ́pò ẹnì kejì báyìí, owó wákàtí kan di owó wákàtí kan, yálà èèyàn ṣe ogún wákàtí lọ́sẹ̀ tàbí ogójì. Ibẹ̀ ni àlàfo owó ọkùnrin àti obìnrin ti sún kì nínú iṣẹ́ náà.

Ṣọ́ọ̀bù tiwa ńkọ́? Orí ẹnì kan ni gbogbo nǹkan wà. Òun nìkan ló mọ̀ pé Ìyá Rìsì ò gbọ́dọ̀ lo ibuprofen, òun nìkan ló mọ̀ pé àwọn jẹ bàbá kan ní pákẹ́ẹ̀tì amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, méjì. Bí onítọ̀hún bá bímọ, ọ̀gá á rí i bí àjálù, á sì búra pé òun ò ní gba obìnrin mọ́. Bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà lè ṣàìsàn oṣù mẹ́ta, tàbí kó jápa lọ sí Kánádà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìwé ìfiṣẹ́lélẹ̀ ló ń wo àrùn yìí, kò sì gbà ju ìwé ẹlẹ́yìn líle kan lọ. Ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá ń fi iṣẹ́ lé ẹlòmíì lọ́wọ́ rèé: oògùn tí a jẹ aláìsàn àti ọjọ́ tí a ṣèlérí, ìwé dókítà tí a dá dúró, ìdí tí a fi dá a dúró, dókítà tí a pè, aago tí a pè é, iye tó kù nínú kọ́bọ́ọ̀dù DDA (ti oògùn olóró tí òfin ń ṣọ́) àti bóyá ó bá rẹ́jísítà mu, ìwọ̀n fíríìjì oògùn, tí kò gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀ 2 °C tàbí kọjá 8 °C, oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ máa kọjá láàárín oṣù mẹ́ta, owó tó wà nínú dúrọ́ọ̀. Ohun tó ń ba ìwé yìí jẹ́ ni “OK”. Ẹ rí i, ojú ewé mẹ́wàá, “OK” ló kún gbogbo rẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ló ń dá a dúró: kò sí ìlà tí kò ní nọ́ńbà, tàbí orúkọ pẹ̀lú aago. Èkejì tó ń bà á jẹ́ ni pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí àwọn méjèèjì yóò fi jọ dúró, kò sẹ́ni tó ń sanwó rẹ̀. Ìyá tó fẹ́ lọ mú ọmọ níléèwé kò ní dúró lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì jẹ̀bi. Ẹ kọ ìṣẹ́jú náà mọ́ wákàtí iṣẹ́, ẹ san án.

Rósítà fúnra rẹ̀ wá ńkọ́. Kó jáde ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú, kó má jẹ́ ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ọ̀sẹ̀ náà. Kí ẹ máa ka iye alẹ́, iye òpin ọ̀sẹ̀ àti iye ọjọ́ ọdún tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe, kí iye náà wà lára ògiri. Láìsí kíkà, ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ ni wọ́n á máa tì sí Kérésì àti Iléyá, wọ́n á ní “ìwọ o ò sáà ní ọmọ”. Ẹni tó bá sì fẹ́ pààrọ̀ pẹ̀lú ẹlòmíì, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Ní ti títilẹ̀kùn lálẹ́: èèyàn méjì ni kó jọ máa tì í, kí owó ọjọ́ ti dé báǹkì tàbí inú séèfù kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ṣọ́ọ̀bù sanwó ọkọ̀ ẹni tó bá tì í, ọkùnrin o, obìnrin o. Olè kì í béèrè pé akọ ni yín tàbí abo. Abiyamọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹ bi í bóyá ó fẹ́ ṣe alẹ́. Àwọn ọ̀gá kan ti pinnu fún un, wọ́n rò pé àánú làwọn ṣe, bẹ́ẹ̀ àjẹmọ́nú alẹ́ ló fẹ́ fi sanwó ẹni tó ń bá a tọ́jú ọmọ.

Ní ilé iṣẹ́ tó ń po oògùn, ọ̀rọ̀ alẹ́ yàtọ̀, torí òfin wà níbẹ̀. Abala 55 nínú Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà sọ pé kí wọ́n má gba obìnrin sí iṣẹ́ òru ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ. Àwọn nọ́ọ̀sì àti obìnrin tó wà nípò ọ̀gá tí kò fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ agbára ni òfin yọ sílẹ̀. Èrò tèmi ni pé òfin yìí ti gbó, ṣùgbọ́n òfin ni, HR (ẹ̀ka tó ń bójú tó òṣìṣẹ́) tó bá sì fi obìnrin tó ń darí ẹ̀rọ tábúlẹ́ẹ̀tì sí òru láìbéèrè lọ́wọ́ agbẹjọ́rò ń wá ìjàngbọ̀n. Ibi tí àìdọ́gba ti ń wọlé kò ju pé ipò súpáfáísọ̀ máa ń lọ fún “ẹni tó ti ṣe òru fún ọdún méjì”. Obìnrin ò lè ní òru yẹn láéláé. Ẹ yí òṣùwọ̀n náà padà: iye bátíìṣì (oògùn tí wọ́n pò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan) tó ti darí láìsí àṣìṣe, irú ẹ̀rọ tó mọ̀, bó ṣe ń kọ àkọsílẹ̀ bátíìṣì. Ẹ tún dá àjẹmọ́nú sílẹ̀ fún ṣíìfù ìrọ̀lẹ́ tó ń parí kó tó di aago mẹ́wàá, kí owó òru má di owó ọkùnrin nìkan.

Ẹrù ńkọ́? Ogún igo dírípù 500 ml nínú páálí kan á ju 10 kg lọ, àpò ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń po tábúlẹ́ẹ̀tì sì sábà máa ń jẹ́ 25 kg. Àjọ ìlera àti ààbò níbi iṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi 25 kg ṣe atọ́nà fún ọkùnrin àti 16 kg fún obìnrin, bí ẹrù bá súnmọ́ ara ní ìbàdí. Atọ́nà ni, kì í ṣe òfin. Bí ẹ bá kà á tán tí ẹ wá lé obìnrin kúrò ní sítọ́ọ̀, ẹ ti ṣì í kà, torí ẹ̀yìn ọkùnrin tó ń gbé 25 kg nígbà ogójì lójúmọ́ ń bàjẹ́ lọ́wọ́. Ẹ ra tírọ́lì. Ẹ to páálí tó wúwo sí àárín itan àti àyà, kí ìyẹn tó fúyẹ́ wà lókè. Ẹ ní kí olùpèsè máa gbé ẹrù dé inú sítọ́ọ̀, kí ó má dá a sílẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbi oògùn tó lè pa oyún lára, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ààbò bojú láti lé obìnrin. Methotrexate, cyclophosphamide, misoprostol, finasteride: ewu wà nínú ìyẹ̀fun wọn lóòótọ́, oògùn jẹjẹrẹ sì ni méjì àkọ́kọ́. Ẹni tó lóyún ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan finasteride tó fọ́, torí ó lè ba nǹkan ọmọkùnrin inú rẹ̀ jẹ́. Kí ni ọ̀gá ń ṣe? Á ní kí gbogbo obìnrin tó ṣì lè bímọ yàgò fún yàrá ìpoògùn jẹjẹrẹ. Yàrá náà ló lówó lórí jù, òun náà ló ń sọ èèyàn di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti dá irú ẹjọ́ yìí ní 1991. Johnson Controls tó ń ṣe bátìrì ní kí obìnrin tí kò bá lè fi ẹ̀rí hàn pé òun ò lè bímọ mọ́ má ṣiṣẹ́ níbi tí òjé wà. Ilé ẹjọ́ ní ìyàsọ́tọ̀ ni, pé obìnrin náà ló ni ìpinnu. Ohun tí àwọn ọ̀gá tún máa ń gbàgbé ni pé oògùn ò yan akọ yàtọ̀ sí abo. Ní Puerto Rico láàárín 1970 sí 1979, níbi tí wọ́n ti ń po oògùn ìfètòsọ́mọbíbí, àwọn ọkùnrin tó ń fa ìyẹ̀fun náà símú hu ọyàn. Nǹkan oṣù àwọn obìnrin dàrú. Methotrexate ń dé ibi àtọ̀ ọkùnrin náà. Tí ẹ bá lé obìnrin, tí ìyẹ̀fun ṣì ń fò káàkiri, ọkùnrin lẹ kàn gbé ewu náà fún.

Ohun tó ń dín ewu kù ni pé kí ìyẹ̀fun má jáde. Ní ilé ìwòsàn, inú káábínẹ́ẹ̀tì ààbò tó ń lé afẹ́fẹ́ jáde síta ni kí wọ́n ti máa po oògùn jẹjẹrẹ. Ìbọ̀wọ́ méjì léra wọn, irú tí wọ́n dán wò fún oògùn jẹjẹrẹ, kí a pààrọ̀ wọn ní ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ọgbọ̀n tàbí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tó bá ya. Ìbòmú ìṣẹ́ abẹ lásán kò dá ìyẹ̀fun dúró. N95, ìbòmú tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́, ń dá a dúró tó bá lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa. Ibí yìí ni ìwọ̀n ti ń ṣe pàtàkì. Bí ìbọ̀wọ́ 8 nìkan bá wà ní sítọ́ọ̀, ti obìnrin tó ń lo 6½ á máa ṣe jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, á há sí nǹkan, á ya. Ẹ ra láti 6 dé 8½. Irùngbọ̀n ọkùnrin náà kì í jẹ́ kí N95 lẹ̀ mọ́ ojú, ẹ má ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ní ṣọ́ọ̀bù àdúgbò tí kò ní káábínẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ náà kéré sí i. Ẹ má ṣe gé tàbí lọ àwọn oògùn yìí. Ẹ ya tíréè ìkàgùn kan sọ́tọ̀ fún wọn, kó ní àmì. Ẹ fi aṣọ tútù nù ún, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a, torí búrọ́ọ̀ṣì ń gbé ìyẹ̀fun sáfẹ́fẹ́. Ìgbà tó léwu jù fún oyún sì ni ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́, nígbà tí ìyá fúnra rẹ̀ ò tíì mọ̀. Nítorí náà ọjọ́ tí èèyàn bá gba iṣẹ́ ni kí wọ́n ti kọ́ ọ, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ẹni tó bá lóyún tàbí tó ń gbìyànjú láti lóyún lè sọ fún ẹnì kan ṣoṣo ní bòókẹ́lẹ́, kí wọ́n gbé e síbòmíì pẹ̀lú owó oṣù rẹ̀ láìdín, kí ipò rẹ̀ sì wà fún un nígbà tó bá padà.

Ìsinmi ìbímọ: abala 54 nínú Òfin Iṣẹ́ fún obìnrin ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìbímọ pẹ̀lú ìwé dókítà, àti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá ti lo oṣù mẹ́fà ó kéré tán níbi iṣẹ́ yóò gba owó tí kò ní dín sí ìdajì. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé ìdádúró nígbà tó wà nínú ìsinmi yẹn. Ó kéré jù tí òfin gbà ni èyí. Kò sí ohun tó ní kí ilé iṣẹ́ má san gbogbo owó náà.

Òfin yẹn kan náà fún ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀méjì lójúmọ́. Ní yàrá oògùn abẹ́rẹ́, ibi tí èèyàn ti ń wọ gáùn láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, bíbọ́ àti wíwọ̀ nìkan lè jẹ ogún ìṣẹ́jú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ààbọ̀ wákàtí náà lẹ́yìn tó bá bọ́ gáùn tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ò fún un ní nǹkan kan. Kí ẹnì kan sì wà lórí rósítà tó ń gba ipò ẹni tó bá jáde. Ẹni tó ń ṣe nǹkan oṣù náà nílò rẹ̀. Ibi tó máa ti fún ọmú gbọ́dọ̀ ní kọ́kọ́rọ́, àga, omi àti ibi tí a ti ń gba iná. Ilé ìyàgbẹ́ kì í ṣe ibẹ̀. Ọmú tó fún lè wà níta fún wákàtí mẹ́rin bí yàrá ò bá ju 25 °C lọ, àmọ́ ta ló ní 25 °C nílẹ̀ yìí láìsí AC? Kúlà pẹ̀lú áìsì tó dì gbagidi lè tọ́jú rẹ̀ fún wákàtí mẹ́rìnlélógún. Ẹ jọ̀ọ́, kó má wọ fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Fíríìjì yẹn kì í gba oúnjẹ ẹnikẹ́ni, ti ọmọ tuntun pàápàá. Ní yàrá oògùn abẹ́rẹ́ yẹn náà, ẹni tó ń wọ hìjáábù, ẹ fún un ní fìlà abẹ́ tí wọ́n ń fọ̀ nílé iṣẹ́ àti họ́ọ̀dù tó mọ́ láti wọ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀.

Àwọn rep, ìyẹn àwọn tó ń bá ilé iṣẹ́ ta oògùn kiri, ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé. Ká ní tágẹ́ẹ̀tì ọdún jẹ́ ₦48 mílíọ̀nù, tí rep kan sì lo oṣù mẹ́ta nílé ìbímọ. Bí ó bá ta ₦38 mílíọ̀nù láàárín oṣù mẹ́sàn-án tó kù, ìwé á sọ pé ìdá 79 nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣe, bónọ́ọ̀sì ti lọ. Tágẹ́ẹ̀tì oṣù mẹ́sàn-án jẹ́ ₦36 mílíọ̀nù. Ó ti kọjá rẹ̀ pẹ̀lú ìdá márùn-ún ó lé. Ìṣirò kan ṣoṣo yìí ló ń pinnu ẹni tó máa di mánẹ́jà ẹkùn lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìlànà kí ẹnikẹ́ni tó lóyún, ẹ tún kọ bí rep àti ẹni tó dúró fún un ṣe máa pín kọmíṣọ́ọ̀nù àwọn oníbàárà rẹ̀, àti pé agbègbè rẹ̀ ń dúró dè é.

Àwọn rep yìí náà ló ń bá dókítà àti oníṣọ́ọ̀bù tó ń fọwọ́ pa wọ́n lára pàdé, tí ọ̀gá á ní “ẹ fara dà á, oníbàárà ńlá ni”. Àdéhùn 190 ti ILO, àjọ iṣẹ́ lágbàáyé, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 2022, kan ìwà ìyọlẹ́nu láti ọwọ́ oníbàárà náà. Ilé ẹjọ́ iṣẹ́, National Industrial Court, ló sì ń gbọ́ ẹjọ́ ìyọlẹ́nu níbi iṣẹ́ láti ìgbà àtúnṣe òfin orílẹ̀-èdè ní 2010. Ní ti ètò: ẹ ní èèyàn méjì tó lè gba ẹ̀sùn, ọ̀kan ọkùnrin, ọ̀kan obìnrin, kí ìkankan má jẹ́ ọ̀gá rep náà tààrà. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà bó ṣe sọ ọ́. Ẹ yọ oníbàárà yẹn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kí tágẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dín ní iye tí oníbàárà náà máa ń rà. Bí ẹ bá gbàgbé ti tágẹ́ẹ̀tì, owó ìtanràn lẹ gbà lọ́wọ́ ẹni tó fẹjọ́ sùn, ẹlòmíì ò sì ní sọ̀rọ̀ mọ́.

Owó oṣù ló kù. Ẹ gbé gbogbo òṣìṣẹ́ sórí ojú ewé kan: ipò, ọjọ́ tó wọṣẹ́, wákàtí lọ́sẹ̀, owó oṣù gan-an, àjẹmọ́nú kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bónọ́ọ̀sì. Ẹ ṣe gbogbo rẹ̀ di owó wákàtí kan. Àpẹẹrẹ: ẹni tó ń ṣe wákàtí 45 lọ́sẹ̀ ń ṣe 195 lóṣù; bí ó bá ń gba ₦250,000, ₦1,282 ni wákàtí kan. Obìnrin tó ń ṣe 24 lọ́sẹ̀ ń ṣe 104 lóṣù; bí ó bá ń gba ₦110,000, ₦1,058 ni. Ìwé ẹ̀rí kan náà, káńtà kan náà, kọ́bọ̀ mẹ́tàdínlógún ó lé lórí náírà kan ni owó obìnrin náà fi dín. Ibi tí ọ̀rọ̀ sábà máa ń fara pamọ́ sí ni àjẹmọ́nú: owó oṣù bára mu régé, àmọ́ ọkùnrin ń gba owó ọkọ̀ tàbí owó “olórí ilé”. Níbi tí òṣìṣẹ́ bá pọ̀, ẹ to wọn láti orí ẹni tó ń gba kékeré jù dé ẹni tó ń gba púpọ̀ jù, ẹ pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin tó dọ́gba, ẹ ka obìnrin tó wà ní ìpín kọ̀ọ̀kan. Láti 2017 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní kí ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 250 sókè máa kéde irú kíkà yìí lọ́dọọdún. Ṣọ́ọ̀bù tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ò pé mẹ́wàá, kó má wulẹ̀ pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin, kó fi ẹnì kan wé ẹnì kejì ní ipò kan náà.

Bí àlàfo bá yọjú, ẹ gbé ti ìsàlẹ̀ sókè. Ẹ má gé ti òkè, ẹ kàn máa dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn ni. Ẹ kọ oṣù tó máa bẹ̀rẹ̀ sínú lẹ́tà tí ẹ máa fún un, ẹ má sì ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni.